Àárín Ẹja Tí Bùsàrí Ṣẹ́kù

Bùsàrí kì í jẹun tán. Bí oúnjẹ rẹ̀ kéré, bí ó pọ̀, ẹran kan gbọ́dọ̀ kù nínú abọ́, ẹran náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dára jù. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Nílé bàbá rẹ̀, bí àgbà bá jẹun tó bá fọwọ́, yóò pe ọmọ kan pé kó wá gbé abọ́, ọmọ náà yóò sì ti mọ̀ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ abọ́ ni èrè iṣẹ́ òun. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bàbá rẹ̀ a máa wí bẹ́ẹ̀, Bùsàrí kò sì fẹ́ ru igbá kankan. Ọmọ mẹ́ta ló ti gbé abọ́ fún un ní Douala ní ilẹ̀ Cameroon, Fùwàd ni àkọ́bí wọn, kò sì sí èyí tí wọ́n ń bẹ̀ nínú wọn kó tó wá.

Ní ọdún 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí ọmọ kankan nílé mọ́. Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ ní Garoua, èyí àbígbẹ̀yìn ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Fùwàd sì wà ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti mọ́ ọwọ́ lára fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kì í kúrò lára ọwọ́ bọ̀rọ̀. Bùsàrí ṣì ń fi ẹran kan sílẹ̀ lójoojúmọ́. Yóò fọwọ́, yóò la ẹnu láti pe èèyàn, yóò wá rántí pé kò sẹ́ni tí òun fẹ́ pè. Ológbò kan tí kò ní olówó, tó máa ń wọ àgbàlá wọn ní àdúgbò New Bell, ló ń jẹ ẹran náà, ó sì ti sanra débi tí àwọn ayálégbé fi ń pè é ní Alhaji.

Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù ni Bùsàrí ń tà ní ọjà Mboppi, pẹ̀lú irin kékeré tí àwọn télọ̀ máa ń fi bo ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn. Ìsọ̀ rẹ̀ ti kún rí. Nígbà tó yá, ohun tí àwọn ará Douala ń pè ní la crise dé, oníṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù gbà déédéé, ilé iṣẹ́ ń tìlẹ̀kùn, ní oṣù kìíní ọdún tí à ń wí yìí sì ni wọ́n já owó CFA wálẹ̀ sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò rówó ra ìrẹsì kò ní dá aṣọ. Òkú nìkan ló kù tó ń mú kí wọ́n ránṣọ ní ìlú, òkú kì í sì í béèrè síìpù. Àwọn ará Ọ̀fà tí wọ́n jọ ń patẹ di ẹrù wọn, àwọn ará Ìwó dì tiwọn, nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, nínú ìsọ̀ méje tí Yorùbá ní ní ìlà náà, ti Bùsàrí nìkan ló kù. Ẹni tí yóò fi èdè abínibí bá ṣàwàdà láàárọ̀ kò sí mọ́. Ìdánìkanwà náà ń dùn ún, ó sì ń jẹ́ kó máa pẹ́ lọ́jà ju bó ti yẹ lọ, nítorí ariwo ọjà sàn ju ìdákẹ́jẹ́ ilé lọ.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà Fùwàd dé. Ó ní òun àti ìyàwó òun àti ọmọ òun ń bọ̀ wá lo vacances, ìyẹn ìsinmi, ní oṣù kẹjọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti wá gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò rí ọ̀nà wá. Àmọ́ ní báyìí tí owó CFA ti já, owó ilẹ̀ Faransé ti di ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in, ohun tó lé bàbá sídìí ògiri ló ṣí ọ̀nà fún ọmọ láti wálé. Bùsàrí kò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn látìgbà tó ka lẹ́tà náà ni pé òun yóò tọrọ ọmọ-ọmọ òun, Nùsíràt, fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ kan péré. Nílé tiwọn, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá kú kì í dá gbé. Wọ́n á mú ọmọ-ọmọ kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò máa bu omi fún un, tí yóò máa dá a lóhùn bó bá sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Bùsàrí kò béèrè ọdún. Fùwàd ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn yóò lọ wo òkun ní Kribi fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi náà, Bùsàrí sì rò ó pé kí tọkọtìyàwó máa lọ wo òkun wọn, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n wá kí i ní New Bell. Nùsíràt, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jọ Sìkírátù délẹ̀délẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ káàárọ̀.” Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyẹn nìkan ni Yorùbá tí bàbá rẹ̀ rí kọ́ ọ nínú ọkọ̀ òfurufú. Bùsàrí dá a lóhùn pé, “Káàárọ̀, ọmọ mi,” nítorí a kì í bá ọmọ tó kí ni ṣírò agogo. Wọ́n jókòó fún ìdajì wákàtí. Ẹ̀fọn jẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó fẹ́ tọ̀, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ayálégbé méje jọ ń lò, ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ó padà, ó sì mú ìtọ̀ náà mọ́ra títí wọ́n fi dé Bonapriso, nílé àwọn òbí ìyá rẹ̀ tí wọ́n dé sí. Ẹlòmíràn ì bá ti rí èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bùsàrí kò rí i. Ohun tó rí ni pé òun ní láti ra póò onídèérí.

Ó ra póò. Ó ra fóòmù kékeré kan, ó tẹ́ ẹ sí igun yàrá, ó fi aṣọ Sìkírátù kan bò ó. Ó yá àwọ̀n ẹ̀fọn lọ́wọ́ Bàdámọ́sí, opó ará Ìkirè tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, obìnrin náà sì wá bá a mú un dúró níbi tó ti ń kan ìṣó.

Bàdámọ́sí béèrè pé, “Bàbá Fùwàd, ṣé wọ́n ti gbà ni, tí ẹ ti ń kan ìṣó?”

“Wọ́n á gbà.”

“Ẹ ti sọ fún wọn?”

Bùsàrí ní, “Ọ̀rọ̀ tó tó báyìí, èèyàn kì í sọ ọ́ lórí ìdúró. Mo ti sọ fún Fùwàd lọ́jọ́ Friday pé mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá a sọ. Ó ní ká jọ jẹun níta lọ́jọ́ Sunday kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí Kribi.”

Bàdámọ́sí wo àwọ̀n, ó wo fóòmù, ó wo póò pupa tó wà lábẹ́ tábìlì. Ó ní kí Ọlọ́run fi sí i.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Fùwàd wá fi ọkọ̀ àna rẹ̀ gbé e. Òjò oṣù kẹjọ ń rọ̀ bí ó ti máa ń rọ̀ ní Douala, bí ẹni pé wọn kò sọ fún un pé ó lè dáwọ́ dúró. Bùsàrí wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà rẹ̀ tó dára jù. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń ka ọ̀rọ̀ náà sínú: Fùwàd, o mọ̀ pé mi ò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ rí.

Ilé oúnjẹ tí wọ́n gbé e lọ ń jẹ́ Le Paquebot. Ẹni tó kọ́ ọ mọ́ ọn kọ́: ó kọ́ ọ bí ọkọ̀ ojú omi ńlá, ó kùn ún ní funfun àti búlúù, ó fi fèrèsé róbótó róbótó sí i lára, ó ya ẹja àti ìgbì sẹ́yìn fèrèsé náà, kí ọmọdé tó bá ń jẹun lè rò pé òun wà lórí òkun. Pákó tí wọ́n fi okùn ṣe apá rẹ̀ ni wọ́n ń gbà gòkè wọlé. Aṣọ atukọ̀ ni gbogbo àwọn agbóúnjẹ wọ̀. Nígbà tí owó wà, wọ́n ní èèyàn máa ń tò sórí pákó náà ni. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bóyá tábìlì mẹ́rin ló ní èèyàn nídìí nínú ogún, àwọn atukọ̀ yòókù sì fara ti ògiri, wọ́n ń wo òjò.

Lókè pákó ni ọkùnrin kan dúró sí, aṣọ funfun, okùn wúrà léjìká, fìlà ọ̀gá atukọ̀ lórí. Ó na ọwọ́, ó lejú, ó ní, “Billets et passeports, s’il vous plaît.” Tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìrìnnà yín, ẹ jọ̀ọ́.

Ọwọ́ Bùsàrí dé àpò kí ọpọlọ rẹ̀ tó gbọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti lò ní ìlú yẹn, ará Nàìjíríà tó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé bí ẹni tó wọ aṣọ oyè bá na ọwọ́, a kì í jẹ́ kó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó fa nylon kan yọ nínú àpò, ó tú rọ́bà ara rẹ̀, ó mú carte de séjour, ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀, jáde, ó mú rìsíìtì ti ọdún tó kọjá jáde, ó mú ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó wọn fún ọkùnrin náà. Ó ní, “Voilà, chef. Tout est là.” Òun nìyí, ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ojú ti ọkùnrin náà. Kò mọ ohun tí yóò fi ìwé tòótọ́ ṣe. Fùwàd di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, “Bàbá, eré ni. Eré tí wọ́n fi ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sápò.” Nùsíràt ti ń rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ̀ kọdọrọ. Pélagie, ìyàwó Fùwàd, obìnrin Bafoussam tó mọ̀wà hù, fọwọ́ bo ẹnu, ó sì yára bẹ̀ ẹ́ pé, “Pardon, Papa.” Bùsàrí náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé ó dun òun. Ó ká nylon rẹ̀, ó dá rọ́bà padà sí i. Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Wọ́n fún ọmọdé ní tíkẹ́ẹ̀tì bébà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, pẹ̀lú fìlà atukọ̀ tí wọ́n fi bébà ṣe. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé róbótó kan. Bùsàrí wo ìgbì tí wọ́n kùn sẹ́yìn dígí, ẹ̀rín tòótọ́ pa á wàyí, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló gbé òun gan-an wá sí ilẹ̀ náà. Ó yíjú sí Nùsíràt. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Faransé ọjà ni Bùsàrí gbọ́: ó lè fi ná ọjà, ó lè fi bú olè, ṣùgbọ́n kò lè fi pa àlọ́. Ó wá ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ó ní kí Fùwàd máa túmọ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ ogún ọdún ni mí. Kàlàbá la ti wọkọ̀, èmi àti àbúrò bàbá mi, a kó abọ́ tánganran àádọ́ta dání. Ọkọ̀ pákó ni, kò tóbi tó yàrá. Nígbà tí a dé àárín omi, afẹ́fẹ́ dé, gbogbo wa ń bì, ẹni tí kò gbàdúrà rí ń gbàdúrà. Àbúrò bàbá mi ní ká ju abọ́ sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, mo ní bí abọ́ bá lọ èmi náà á lọ. Mo sùn lé wọn lórí títí ilẹ̀ fi mọ́ wa sí Tiko.” Ó dúró, ó ń retí.

Fùwàd sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Papi est venu en bateau.” Bàbá àgbà fi ọkọ̀ ojú omi wá. Ibẹ̀ ló parí sí.

Nùsíràt wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó béèrè pé, “Comme celui-ci?” Ṣé bí eléyìí?

“Oui,” ni Bùsàrí fi dáhùn. Kí ni kó tún sọ? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ fìlà bébà orí ara rẹ̀, ó nàgà sókè tábìlì, ó gbé e lé orí bàbá àgbà lórí fìlà tó ti wà níbẹ̀. Inú Bùsàrí dùn débi pé ó rò pé kí òun sọ ọ̀rọ̀ òun lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ dé, ó sì rò ó pé ẹni tó bá yó ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹja ni Bùsàrí béèrè fún, nítorí kò mọ ẹni tó pa ẹran wọn. Ẹja ńlá kan ni, odindi, wọ́n sun ún lórí ẹyín iná, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díńdín tì í. Nùsíràt ń fi fọ́ọ̀kì jẹ adìẹ kékeré kan pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Bùsàrí béèrè omi, ó fọwọ́, ó ṣe Bísímílà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun bí ó ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Orí ló kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ ìrù. Ó jẹ ẹ̀gbẹ́ tó ní eegun wẹẹrẹ. Ó wá ku àárín, ibi tó nípọn, tó funfun, tó lọ́ràá, ibi tí ẹni tó bá ra ẹja ń torí rẹ̀ rà á. Kò fọwọ́ kàn án láti jẹ. Ó rọra ń yọ eegun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sétí abọ́, ó ń fi ìka wá èyí tó bá fara pamọ́, kí ó má baà há ọmọ lọ́fun. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Láàárín àkókò náà, Fùwàd àti Pélagie ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà Kribi, bóyá òjò ti bà á jẹ́.

Nígbà tó ṣe tán, ó fọwọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rọra ti abọ́ náà sí iwájú, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó sọ ohun tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún láti ọdún méjì.

“Nùsíràt, wá gbé abọ́.”

Nùsíràt gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ń jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ. Atukọ̀ kan tó fara ti ògiri rí i pé bàbá ti ti abọ́ síwájú. Ó sún mọ́ wọn, ó na ọwọ́ sí abọ́ náà. Bùsàrí di etí abọ́ mú. Atukọ̀ rò pé ó fẹ́ bá òun gbé e, ó dúpẹ́, ó fà á. Bùsàrí kò jẹ́ kó lọ. Àwọn méjèèjì di abọ́ mú báyìí, wọ́n ń wojú ara wọn, èyí tí wọ́n wọṣọ òkun fún kò mọ ohun tí bàbá yìí ń fẹ́.

Pélagie ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó wo ẹja náà tó ṣì pọ̀ níbẹ̀, ó káàánú. Ó béèrè bóyá kò dùn mọ́ Papa lẹ́nu, bóyá kí wọ́n gbé nǹkan mìíràn wá. Bùsàrí mi orí pé ó dùn. Pélagie wá sọ fún atukọ̀ náà, pẹ̀lú ọkàn rere, nítorí àkókò yẹn kì í ṣe àkókò tí èèyàn ń da oúnjẹ nù, pé kó bá àwọn dì í sínú bébà, ajá bàbá òun nílé yóò jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ajá yẹn ni Fùwàd gbọ́. Ó yíjú. Ó wo abọ́: àárín ẹja tó dá dúró gedegbe, eegun tí wọ́n tò sétí rẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó di abọ́ mú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ fún atukọ̀ kó fi abọ́ sílẹ̀. Ó tẹ̀ síbi etí ọmọ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún un ní Faransé, jẹ́jẹ́, pé bàbá àgbà ló fi èyí sílẹ̀ fún un, pé ibi tó dára jù ni, pé bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ hàn nílé wọn nìyẹn, kó kàn tọ́ díẹ̀ wò.

Nùsíràt kì í ṣe ọmọ búburú. Ó wo ẹja náà dáadáa. Ó rọra sọ sí bàbá rẹ̀ létí, kó má baà dun bàbá àgbà, “Mais il a mis ses doigts dedans.” Àmọ́ ó ti ki ìka rẹ̀ bọ inú rẹ̀.

Nínú gbogbo Faransé tó wà láyé, Bùsàrí gbọ́ ìyẹn. Doigts. Ìka. Lójoojúmọ́ ni àwọn télọ̀ ń sọ ọ́ nísọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ń ra irin ìka. Ó wo ìka ara rẹ̀. Ó ti fọ̀ wọ́n ṣáájú oúnjẹ, ó sì ti fọ̀ wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó wọn sábẹ́ tábìlì.

Òjò ń lu òrùlé ọkọ̀ tí kò ní lọ síbì kankan náà. Fùwàd wá na ọwọ́, ó fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sọ fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ mú àárín ẹja náà, ó sì ń jẹ ẹ́. Ó tẹ orí ba, ó ń jẹ ẹ́ kíákíá, bí ọmọ tó ń bẹ̀rù kí àbúrò rẹ̀ má bá a níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tó bá lọ lóṣòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ bàbá rẹ̀ ní New Bell. Ó fi ìka pa ìsàlẹ̀ abọ́, ó lá a. Omi dúró sí i lójú. Pélagie ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.

Ó dùn mọ́ Bùsàrí, ó sì dùn ún wọ egungun. Ó rí ọmọ rẹ̀ padà fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ẹja kan. Ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ, ọmọ ló jẹ ẹ́, abọ́ sì ti ṣófo.

Nígbà tí Fùwàd nu ẹnu tán, ó ní, “Bàbá, ẹ ní ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ bá mi sọ.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kà sínú wà lẹ́nu Bùsàrí. Ó wo Nùsíràt, tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì bébà rẹ̀ ṣe ọkọ̀ lórí tábìlì. Ọmọ tí kò lè jẹ ohun tí ọwọ́ òun kàn, báwo ni yóò ṣe sùn ní yàrá òun? Ta ni yóò túmọ̀ fún un bí ó bá sunkún? Kò bínú sí i. Ọmọ tí a kò kọ́ kò ṣẹ̀. Ta ló tilẹ̀ rán Fùwàd lọ sí ilẹ̀ Faransé? Òun Bùsàrí náà ni. Ìsọ̀ rẹ̀ kejì ló tà tó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún un, ó sì jó lọ́jọ́ tó lọ.

Ó ní, “Òkun Kribi ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọ inú omi jìnnà.”

“Ìyẹn nìkan, Bàbá?”

“Ìyẹn nìkan.”

Bùsàrí rí i bí èjìká Fùwàd ṣe wálẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ohun tí bàbá fẹ́ tọrọ. Ó ti rí fóòmù àbí ẹnìkan ti sọ fún un, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn mọ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ Friday ló ti ń wá bí òun yóò ṣe kọ̀ fún un. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wàyí, ó sì béèrè fún kọfí.

Wọ́n gbé e dé ìkóríta, nítorí omi ti gba ọ̀nà inú àdúgbò, ọkọ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Fùwàd sọ̀kalẹ̀ nínú òjò, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ kó tó lè dá a dúró. Pélagie kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nùsíràt yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó juwọ́, ó sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, “Ẹ káàárọ̀!”

“Káàárọ̀ o, ọmọ mi,” ni Bùsàrí wí. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ.

Bàdámọ́sí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọ kan ń tẹ̀lé e. Ó rí fìlà bébà tó ti rẹ lórí fìlà rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Wọn ò gbà?”

“Mi ò béèrè.”

Bùsàrí wọlé, ó gbé àga, ó ń fa ìṣó àwọ̀n ẹ̀fọn náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàdámọ́sí tẹ̀lé e wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bàbá Fùwàd. Ẹ̀fọn ń jẹ ẹ̀yin náà.” Bùsàrí ká àwọ̀n náà dáadáa, ó kó o lé e lọ́wọ́, ó dúpẹ́. Ó gbé fìlà bébà lé orí fóòmù kékeré náà kó lè gbẹ.

Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì, Bàdámọ́sí gbé ìrẹsì wá fún un, ẹran mẹ́ta lórí rẹ̀. Ebi kò pa á, ṣùgbọ́n a kì í dá oúnjẹ aládùúgbò padà. Alhaji ti dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀. Bùsàrí jẹ ìrẹsì náà, ó jẹ ẹran kan, ó jẹ èkejì. Ẹran kan kù, èyí tó dára jù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ológbò náà dìde, ó na ara.

Bùsàrí mú ẹran náà, ó fi sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé abọ́ fúnra rẹ̀, ó ru ú gba inú òjò lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì fọ̀ ọ́.